Ọlidé Tíṣà Ilé

Gbogbo ilé ìwé ìgboro ló ti palẹ̀ mọ́ fún ọlidé ìparí ọdún, àfi ẹyọ kan. Èyí tó ṣẹ́kù yẹn kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò ní agogo, kò sì ní ọ̀gá àgbà. Orí tábìlì ìjẹun ni wọ́n ti ń kàwé níbẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ni tíṣà wọn, òun náà ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọ aṣọ, òun náà ló sì ń gbá ilẹ̀ kíláàsì nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Tíṣà Ilé ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Àwọn kan ń fi ọ̀wọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ń pè é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.

"Àwọn tíṣà yòókù ti lọ sinmi," ni obìnrin kan wí fún un lẹ́nu ẹ̀rọ omi lọ́sẹ̀ náà, nígbà tó rí i tó gbé korobá méjì dání. "Ẹ̀yin náà ẹ sinmi díẹ̀ o. Àbí kí lẹ̀ ń ṣe gan-an tó fi ń rẹ̀ yín?"

Tíṣà Ilé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé omi rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ mẹ́ta ló ní. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin, ó ń lọ bí ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e ni gbogbo ilé ń pè ní Ìbéèrè, nítorí kò sí ohun tójú rẹ̀ rí tí kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Kékeré ni àbíkẹ́yìn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, kò sì sí nǹkan tọ́wọ́ rẹ̀ tó tí kì í fà lulẹ̀.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí ni ọjọ́ ìdánwò Àkọ́bí. Ìdánwò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé ni, inú ọlidé ni wọ́n sì máa ń fi í sí, torí ìgbà yẹn nìkan ni gbọ̀ngàn àwọn ilé ìwé máa ń ṣófo. Ọmọ tó bá yege á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tí kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀: tíṣà tó kọ́ ọmọ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ mú un wá, kó fara hàn, kó sì fọwọ́ sí i pé òun ló kọ́ ọ. Wọn kì í gba ẹ̀gbọ́n, wọn kì í gba aládùúgbò.

Ìdí nìyẹn tí Tíṣà Ilé fi ti ń bẹ ọkọ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá pé kó gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó dúró ti Ìbéèrè àti Kékeré. Ọkọ rẹ̀ ti gbà. Tayọ̀tayọ̀ ló tilẹ̀ fi gbà. "Ṣebí ọmọ mi ni," ló wí. "Ta ló tún fẹ́ bá mi ṣe é?"

Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Tíṣà Ilé wà ní kíṣìnnì, tó gbé ìrẹsì ọ̀sán kaná, tó ń din ẹyin fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, táì ló kọ́kọ́ rí lọ́rùn ọkọ rẹ̀.

"Dádì, táì ńkọ́?"

"Wákàtí kan péré ni." Ọkùnrin náà ń wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé. "Ọ̀gá wa ló pè mí lálẹ́ àná. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ráńpẹ́ kí oníkálukú tó tú ká."

"Ọ̀rọ̀ lórí kí ni?"

Ọkọ rẹ̀ fara balẹ̀ tún táì náà fà. "Bí òbí ṣe lè ráyè fún ọmọ lásìkò ọlidé. Wọ́n mọ̀ pé à ń kọ́ àwọn ọmọ tiwa nílé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n tó mi."

Ẹyin ti ń jóná létí. Tíṣà Ilé yí i padà.

"Ìdánwò Àkọ́bí ńkọ́?"

"Kẹ́ ẹ tó jáde, mo ti dé. Tí mo bá sì pẹ́ díẹ̀, wàá dọ́gbọ́n sí i. O kúkú wà nílé." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ló tó gbóhùn sókè. "Ẹn-ẹ́n! Àǹtí mi ń kó àwọn ọmọ wọn bọ̀ o! Mo ti sọ fún wọn pé kò sí wàhálà!"

Ọkùnrin náà mọ ibi tó yẹ kéèyàn ti máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹyin náà kò tíì tutù tí fèrè mọ́tò fi dún níta. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kò pa mọ́tò, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣáà ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, àwọn ọmọ mẹ́ta sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹrù.

"Ìyàwó wa, o káàárọ̀ o! Wọn ò tíì jẹun. Èyí àbúrò kì í jẹ ata, èyí àgbà kì í jẹ ẹyin, èyí àárín kì í jẹ nǹkan kan, ṣáà máa rọ̀ ọ́."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde lónìí ni. Ìdánwò…"

"Jáde lọ síbo? Ṣebí o kúkú wà nílé. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ la wà nínú ìyọnu lásìkò yìí. Tó o bá rí èrò tó wà ní báńkì wa, wàá káàánú mi." Mọ́tò ti ń yí padà. Àǹtí yọrí lójú fèrèsé. "Tó o bá ráyè, fi ìṣirò díẹ̀ hàn wọ́n!"

Tíṣà Ilé ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo èéfín mọ́tò, nígbà tí aránṣọ tó wà ní ìparí òpópónà yọ sí i, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, òwú lórí èjìká, ọmọ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ kan lọ́wọ́ òsì. Ti aránṣọ yàtọ̀ díẹ̀. Òun kúnlẹ̀ ní tirẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ má bínú. Aṣọ ọdún ti kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn wọ̀nyí sì ti fi sáàsì gé apá aṣọ oníbàárà kan sọnù. Ẹ ṣàánú mi. Mo mọ̀ pé ẹ wà nílé. Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́, ẹ ṣé, ẹ ṣé."

Tíṣà Ilé la ẹnu láti sọ pé kò ní ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ pé rárá fún ẹni tó ti dúpẹ́ tán? Kó tó rí ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde, aránṣọ ti dé ìdajì ọ̀nà.

Báyìí ni ilé náà ṣe kún. Ọmọ wà lábẹ́ tábìlì, ọmọ wà lórí àga, ọmọ kan ti wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun ò jáde mọ́. Èyí tí kì í jẹ ẹyin ti jẹ ẹyin Àkọ́bí. Kékeré fa aṣọ orí tábìlì, ife tíì mẹ́rin sì dà sórí ìwé kíkà Ìbéèrè.

"Mọ́mì, ta ló máa ka ibi tí tíì dà sí?" ni Ìbéèrè bèèrè. "Mọ́mì, ṣé àwọn wọ̀nyí ò nílé ni? Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ ń sáré?"

Tíṣà Ilé pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Kò gbé e. Ó tún pè. Ọkọ rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ kúkurú ránṣẹ́: "Mo wà lórí pèpéle. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́."

Ó gbé fóònù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí Àkọ́bí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ọmọ náà ti wọ bíláòsì funfun tí wọ́n lọ̀ lálẹ́ àná, ó fi àpò pẹ́ńsù há abíyá. Ó wo yàrá láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀," ló wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo lè ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀."

Kò sunkún, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Bí Tíṣà Ilé fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹran bá ku ẹyọ kan nínú ìkòkò, tó ní ebi ò tilẹ̀ pa òun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ náà ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá rẹ̀ lára ju gbogbo ariwo inú ilé lọ. Ó mọ ẹni tó kọ́ ọ. Kò tíì fi í sínú ẹ̀kọ́ kankan, ọmọ náà sì ti mọ̀ ọ́n dójú àmì.

Tíṣà Ilé wọ kíṣìnnì, ó pa gáàsì. Ìrẹsì kò tíì rọ̀. Ó fi ọmọrí dé e, ó fi Kékeré sẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n le.

"Gbogbo yín, ẹ wọ bàtà."

"Ṣé a ti ń lọ ọlidé ni?" ni Ìbéèrè bèèrè.

"À ń lọ kí àwọn òbí níbi iṣẹ́."

Wọ́n tò jáde, àwọn kékeré di ara wọn lọ́wọ́ mú. Obìnrin ẹnu ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà. "Ẹ wo Tíṣà Ilé!" ló wí fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó ń kó wọn lọ ṣeré. Ayé ń dùn mọ́ àwọn kan."

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Aránṣọ tẹ ẹ̀rọ dúró, ó sì fò dìde.

"Ìyá wa, ṣé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ ni?"

"Wọn ò ba nǹkan kan jẹ́. Ìdánwò ni Àkọ́bí fẹ́ lọ ṣe, èmi ló sì gbọ́dọ̀ mú un lọ."

"Háà! Ẹ ò sì sọ!"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ."

Aránṣọ wo bíláòsì funfun tó wà lára Àkọ́bí, ó wo aago ara ògiri. Ó fẹsẹ̀ ti òkìtì aṣọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó síbẹ̀. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Ẹ sáré. Kí lẹ tún ń wò?"

Ti báńkì kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Èrò tò jáde dé ojú àtẹ̀gùn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí Tíṣà Ilé lọ tò sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Àǹtí rí ìyá wọn lẹ́yìn gíláàsì, kò sí ẹ̀ṣọ́ tó lè dá wọn dúró. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà kan. Ẹ̀rín náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló yí padà.

"Ìyàwó wa, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan mà. Wọ́n ti jẹ búrẹ́dì. Ìdánwò Àkọ́bí ni mo ń lọ."

"O sì kó ọmọ wá sí ibi iṣẹ́?" Àǹtí rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń fi eyín sọ̀rọ̀. "Ṣé o ò rí i pé ibi iṣẹ́ nìyí ni?"

"Mo rí i, Àǹtí. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń kó wọn bọ̀ náà."

Bàbá àgbàlagbà tó wà níwájú káńtà fọwọ́ lu gíláàsì. "Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gba ọmọ yín, kẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Mo ti ń dúró láti àárọ̀."

Ìgbà tí Tíṣà Ilé dé ìta ló tó mọ ohun tí ẹnu òun ti sọ. Láti ọjọ́ tó ti wọ ìdílé náà, "bẹ́ẹ̀ ni mà" ni gbogbo ìdáhùn tó ti fún Àǹtí. Kò mọ ibi tí èyí ti wá. Àkọ́bí na ọwọ́, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí kì í gbà kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú lójú títì.

Gbọ̀ngàn ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ wà ní àjà kejì. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, fáànù ń fẹ́, wọ́n sì to kéèkì wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀ dúró sórí pèpéle, makirofóònù lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó sùn dáadáa.

"Nílé tiwa," ló ń wí, "a kì í gbé ọmọ jù fún ẹnì kan ṣoṣo. Èmi àti ìyàwó mi, ọwọ́ wa méjèèjì la fi ń ṣe é."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àárín àtẹ́wọ́ yẹn ni Tíṣà Ilé gbà wọlé, Kékeré lẹ́yìn, Ìbéèrè lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ rí wọn. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ wò ó! Ìdílé mi náà ti wá yẹ́ mi sí!"

Àtẹ́wọ́ tún le sí i. Àwọn kan tilẹ̀ dìde dúró. Tíṣà Ilé gun orí pèpéle, ó tú Kékeré sílẹ̀, ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ láyà, ó fi báàgì ìlédìí kọ́ ọ lápá, ó fi Ìbéèrè dúró tì í. Ó yíjú sí ọ̀gá wọn tó jókòó níwájú, ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ó bá sọ̀ kalẹ̀.

Òun àti Àkọ́bí ti dé orí àtẹ̀gùn nígbà tí ohùn Ìbéèrè fi jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ròkè lala: "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà ni tíṣà wa?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà Ilé kò dúró gbọ́ èsì. Sísá ni wọ́n ń sá lọ.

Wọ́n pẹ́. Obìnrin tó jókòó sí tábìlì ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo ìyá, ó wo ọmọ, ó wo ilà òógùn tó wà lára bíláòsì funfun.

"Ẹ̀yin ni tíṣà rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Wọ́n ti ka apá kìíní sí wọn létí tán, wọn kì í kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà tí kò mọ ìgbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, kí ni ọmọ fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Tíṣà Ilé kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà," ló wí. Ó fọwọ́ sí i níbi tí wọ́n nawọ́ sí. Wọ́n jẹ́ kí Àkọ́bí wọlé.

Bẹ́ǹṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà Ilé jókòó síbẹ̀, ó ń retí kí ẹnì kan pe òun. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò sí nǹkan tó ń jóná, kò sí ọmọ tó ń sunkún, kò sí ẹni tó ń bèèrè ìbọ̀sẹ̀. Ibi tó ti ń rò ó pé bóyá òun lè gbàdúrà ni oorun ti gbé e lọ.

Àkọ́bí ló jí i. Itọ́ ti dà sí i létí ẹnu.

"Apá kìíní ti lọ," ni ọmọ náà wí. "Máàkì tó pọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣe gbogbo ìyókù."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó ku ìṣirò lọ́la. Tí mo bá gba ìyẹn dáadáa, ó ṣì lè tó."

Wọ́n rọra rìn bọ̀ wálé.

Mọ́tò Àǹtí ti wà níta. Àǹtí fúnra rẹ̀ wà lórí àga tó dára jù nínú ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká. Ọkọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Kékeré sùn sí i léjìká, táì ti wà nínú àpò, omi ọsàn sì ti gbẹ mọ́ ọn láyà ṣẹ́ẹ̀tì.

"Kò sẹ́ni tó tíì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ rí!" ni Àǹtí fi kí wọn káàbọ̀. "Èyí àbúrò tọ̀ sẹ́yìn káńtà. Èyí àárín sọ fún mánéjà pé òun kì í jẹ nǹkan kan, ó sì jẹ gbogbo bisikíìtì ọkùnrin náà tán!"

"Èmi ńkọ́?" ni ọkọ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Níwájú ọ̀gá mi! Ọmọ yìí gba makirofóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n sọ ìwé tí òun ń kà lọ́wọ́."

"Kí lẹ wí?" ni Tíṣà Ilé bèèrè.

Ọkọ rẹ̀ wo ara ògiri. Ìbéèrè ló dáhùn fún un. "Wọ́n ní ìwé tó dáa ni."

Tíṣà Ilé wọ kíṣìnnì, ó ṣáná sí ìrẹsì tó gbé kaná láàárọ̀, èyí tí kò tíì jinná. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ẹjọ́ lọ ní pálọ̀: ìwà tí wọn ò mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, ìgboyà tó ti ibi kan wá, ohun tí ìyá àwọn máa wí tó bá gbọ́. Ó fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan máa sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dúró dè. Ẹjọ́ náà gùn, ó yí ká, ó sì tún padà sórí bisikíìtì.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Aránṣọ ni, òwú ṣì wà lórí èjìká rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́ o. Mi ò jókòó. Mo ní kí n ṣáà bèèrè ni: ìdánwò ọmọ wa ńkọ́?"

Àǹtí wo Àkọ́bí bí ẹni pé ìgbà yẹn ló tó wọlé. Ọkọ gbé Kékeré kúrò léjìká kan sí èkejì.

"Wọ́n ti ka apá kìíní tán ká tó dé," ni Àkọ́bí wí. "Wọ́n ní kò sí àtúnkà."

Kò wo ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó wo òun náà. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí apá àga.

"Ó dáa," ló wí, ó fi ohùn ẹni tó ń fi nǹkan ńlá tọrẹ sọ ọ́. "Ìṣirò ọ̀la, ẹ máa lọ ní tiyín. Èmi ni màá dúró. Mi ò ní lọ síbì kankan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́."

Ojú Àǹtí mọ́lẹ̀ kedere. "Àbúrò mi! Lóòótọ́? Ọlọ́run ló rán ọ sí mi. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, mo ti kó wọn dé. Tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ rẹ, ọkàn mi á tilẹ̀ balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Aránṣọ wo ilẹ̀, ó wú ikọ́ kékeré kan. "Dádì, tó bá jẹ́ pé ẹ ò lọ síbì kankan, ẹ forí jì mí o, aṣọ tó ṣẹ́kù ò ju díẹ̀ lọ mọ́. Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni."

Ọkọ yíjú sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ṣùgbọ́n Tíṣà Ilé ti nu tábìlì, ó ti fa àga méjì jáde, ó ti jókòó sórí ọ̀kan.

"Mú ìwé ìṣirò rẹ wá," ló wí fún Àkọ́bí. "Ibo la dúró sí?"

"Ìdá, Mọ́mì. Ìyọkúrò rẹ̀."

Ọmọrí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní kíṣìnnì, ìrẹsì ń hó dà nù. Gbogbo ojú yí sí Tíṣà Ilé. Ó ṣí ìwé sí ibi tí wọ́n dé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín rẹ̀ kó má bàa pa dé.

"Ìrẹsì yẹn ń dà nù o," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ lọ wò ó."

Ọkọ rẹ̀ gbé Kékeré fún Àǹtí, ó wọ kíṣìnnì lọ. Wọ́n gbọ́ bí ọmọrí ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan tẹ̀ lé òmíràn, tó ń pa wọ́n dé.

"Iyọ̀ dà?" ló bèèrè láti inú lọ́hùn-ún.

Tíṣà Ilé sún àga rẹ̀ mọ́ ti ọmọ rẹ̀. "Ka ìbéèrè kìíní sí mi létí," ló wí, Àkọ́bí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.